Kẹ́ ẹ tó pe oní-kántà: bí wọ́n ṣe ń kó ilé láti Abẹ́òkúta lọ sí Àbújá láìjẹ gbèsè

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kó ilé láàárín Abẹ́òkúta àti Àbújá o. Àkọ́kọ́, nígbà tí ibi iṣẹ́ ọkọ mi gbé e lọ sọ́hùn-ún, èkejì, nígbà tá a padà wálé. Ti àkọ́kọ́ yẹn, kí n má parọ́ fún yín, gbèsè la fi parí ẹ̀, oṣù mẹ́rin gbáko la fi san án. Ti ẹ̀ẹ̀kejì, owó tiẹ̀ ṣẹ́ kù sí wa lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ owó dísẹ́ẹ̀lì ti fò sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọ̀nà yẹn kan náà la sì gbà. Ohun tá a ṣe yàtọ̀ ò ju ẹyọ kan lọ. Nígbà àkọ́kọ́, owó ọkọ̀ la kọ́kọ́ béèrè. Nígbà kejì, ẹrù la kọ́kọ́ kà.

Ọjà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta níbí ni mo ti ń ta àdìrẹ, ẹ ò lè mọ iye àwọn tó máa ń yà ní ṣọ́ọ̀bù mi wá béèrè pé "Àǹtí, èló ni wọ́n ń gbé ẹrù lọ sí Àbújá báyìí?" Èmi náà á bi wọ́n pé ẹrù wo? Wọ́n á ní ṣebí ẹrù ilé náà ni jàre. Hẹ̀n, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Oní-kántà, ìyẹn ẹni tó ń fi ọkọ̀ ńlá kó ẹrù, tó bá gbọ́ "ẹrù ilé" lẹ́nu yín, iye tó bá wù ú ló máa pè, torí ẹ̀yin fúnra yín ò mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbé, tó bá wá dé ilé yín tó rí i pé ẹrù ju bó ṣe rò lọ, á ní kẹ́ ẹ fi nǹkan kún un, láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ o, tẹ́ ẹ ti tú bẹ́ẹ̀dì, tí lándílọ́ọ̀dù ti nawọ́ láti gba kọ́kọ́rọ́. Kí lẹ fẹ́ ṣe? Ẹ máa san án ni.

Torí náà, bó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ mú ìwé kan àti bírò, ẹ wọ yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ jókòó, ẹ kọ gbogbo nǹkan tójú yín bá rí sílẹ̀, títí kan èyí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti èyí tó wà lórí wọ́dírọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ ti gbàgbé pé ẹ ní. Kẹ́ ẹ wá fi lẹ́tà kan síwájú ìkọ̀ọ̀kan: G fún èyí tẹ́ ẹ máa gbé, T fún èyí tẹ́ ẹ máa tà, F fún èyí tẹ́ ẹ máa fún èèyàn. Ẹ má fi ìfẹ́ inú ṣe é, owó ni kẹ́ ẹ fi ṣe é. Tí mo bá ta èyí níbí, tí mo wá ra àlòkù ẹ̀ lọ́hùn-ún, èló ni màá fi lé e? Ṣé iye yẹn ju owó àyè tó máa gbà nínú ọkọ̀ lọ? Ìbéèrè yìí nìkan ló yẹ kẹ́ ẹ máa bi ara yín.

Àga ìjókòó wa ló kọ́ mi lọ́gbọ́n yìí. Àga ẹni méje, aláwọ̀ búráùn, tí mo fi owó àjọ rà, mo ní láéláé mi ò ní fi í sílẹ̀ ní Ọbàntokò. A gbé e. Ó gba ẹ̀gbẹ́ kan odindi nínú kántà, ẹrù tó yẹ kó wọlé lẹ́ẹ̀kan ò wọlé mọ́, a tún lọ gba ọkọ̀ J5 kan kún un. Nígbà tá a dé Kúbwà ní Àbújá, àga ò gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Wọ́n gbé e ní ìdúró, wọ́n gbé e ní ìdúbúlẹ̀, wọ́n yọ ilẹ̀kùn, ó kọ̀. Ìta ló sùn fọ́jọ́ méjì, òjò pa á, ẹni tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ wa ló fi owó tí ò tó ra àpò ìrẹsì kan gbà á lọ́wọ́ mi. Tí mo bá rántí, inú mi ṣì máa ń bàjẹ́ díẹ̀.

Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ gbé: firíìjì tó bá dáa, ẹ̀rọ ìfọṣọ, gáàsì kúkà, matiráàsì olówó iyebíye, bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ojúlówó pákó kàn, ìnfátà àti bátìrì ẹ̀, aṣọ, ìwé. Èyí tí mi ò ní gbé láéláé mọ́: wọ́dírọ́ọ̀bù tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi lẹ̀ pọ̀, torí tẹ́ ẹ bá ti tú u lẹ́ẹ̀kan, ojú ihò ìṣó ẹ̀ ti fẹ̀, kò ní dúró dáadáa mọ́, ẹ kàn máa sanwó gbé pákó jíjá lọ sí Àbújá ni. Kọ́tìnì náà, ẹ wọn fèrèsé tọ̀hún kẹ́ ẹ tó kó o, ti wa kúrú, gbogbo wa ń rí ìdí ògiri.

Ọjà títà yẹn, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọ̀la lẹ ń lọ, owó ẹ̀tàn ló máa fi bọ̀ yín lọ́wọ́, ó mọ̀ pé ẹ ò lè sọ pé ẹ ò tà. Àmọ́ tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tẹ́ ẹ fi fọ́tò ẹ̀ sórí WhatsApp, tẹ́ ẹ sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ọjà, wọ́n á fi owó gidi rà á, wọ́n á tiẹ̀ máa bá ara wọn jà sí i. Owó tá a rí nínú ohun tá a tà ní ẹ̀ẹ̀kejì ló ran owó ọkọ̀ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀rọ̀ owó. Àpẹẹrẹ ni mo fẹ́ ṣe o, owó ọjà ń yí padà lójoojúmọ́, ẹ má wá sọ pé èmi ni mo pè é bẹ́ẹ̀. Ká ní ilé tẹ́ ẹ rí ní Àbújá, ₦800,000 ni rẹ́ǹtì ẹ̀ lọ́dún. Ẹ̀jẹ́ńtì máa gba ìdá mẹ́wàá, ₦80,000. Owó àgírímẹ́ǹtì, ìdá mẹ́wàá mìíràn, ₦80,000. Kọ́ṣọ̀n, owó tí lándílọ́ọ̀dù máa mú dání nítorí ohun tó bá bàjẹ́, ká ní ₦50,000. Ilé nìkan ti jẹ́ ₦1,010,000, ẹ ò tíì gbé ṣíbí kan. Kántà, ká ní wọ́n pè é ní ₦500,000. Àwọn alábàárù tó máa kó ẹrù sókè níbí àti àwọn tó máa kó o sílẹ̀ lọ́hùn-ún, ₦70,000. Páálí, sẹ́lótéèpù, okùn, Ghana-must-go, ₦25,000. Owó ọkọ̀ ẹ̀yin fúnra yín, ká ní èèyàn mẹ́rin ní ₦35,000 ìkọ̀ọ̀kan, ₦140,000. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ máa pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn (ẹ má fi ti ẹni tó gbé ibẹ̀ ṣáájú sílẹ̀ o), ẹ máa ra gílóòbù, ẹ máa fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé, ₦60,000. Oúnjẹ àti owó ọkọ̀ oṣù àkọ́kọ́, kí owó oṣù tó wọlé, ₦150,000. Àròpọ̀ ẹ̀ jẹ́ ₦1,955,000. Ẹ wá fi ìdá mẹ́wàá lé e fún ohun tẹ́nì kan ò rò tẹ́lẹ̀, ₦195,500, ó di ₦2,150,500.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Ọkọ̀ tí gbogbo ayé ń béèrè owó ẹ̀, ₦500,000 nínú owó tó lé ní mílíọ̀nù méjì, bí ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni. Ìdá mẹ́ta yòókù tẹ́nì kankan ò béèrè ló gbé wa ṣubú lọ́jọ́sí. Oṣù àkọ́kọ́ yẹn pàápàá. A ti ná gbogbo owó sórí rẹ́ǹtì àti ọkọ̀, ọkọ mi ní owó oṣù máa wọlé lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, àṣé tí wọ́n bá gbé èèyàn kúrò ní ẹ̀ka kan sí òmíì, ìwé ẹ̀ náà máa ń rin ìrìn àjò tiẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni owó yẹn fi pẹ́. Gààrí la mu. Tí ibi iṣẹ́ ló bá ń gbé yín lọ, ẹ béèrè bóyá wọ́n ń sanwó ìkẹ́rù, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa san án, kẹ́ ẹ sì tọ́jú gbogbo rìsíìtì. Owó tí wọ́n máa dá padà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ má kà á mọ́ èyí tó wà lọ́wọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ ilé, ẹ má sanwó ilé tẹ́ ẹ ò fojú rí, bó ti wù kí fídíò ẹ̀ dán tó. Ẹ̀jẹ́ńtì kan gba owó fọ́ọ̀mù àti owó ìwòran lọ́wọ́ wa lórí ilé tí ẹlòmíì ti ń gbé tipẹ́. Ó ní "Màdámù, ilé yìí ò ní pẹ́ bọ́ o, ẹ yára." A yára lóòótọ́. Tẹ́ ẹ bá ní mọ̀lẹ́bí lọ́hùn-ún, kí ẹnì kan nínú yín lọ sùn sọ́dọ̀ ẹ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta, kó wo ilé ní ojúmọ́, kó tún wò ó lálẹ́, kó béèrè ibi tí omi ti ń wá, kó béèrè báǹdì iná àdúgbò, ìyẹn ìsọ̀rí tí iléeṣẹ́ iná fi àdúgbò náà sí. Báǹdì yẹn ṣe pàtàkì o, ní April 2024 ni wọ́n gbé owó iná Band A láti bíi ₦68 lọ sí ₦225 lórí yúnìtì kan, wọ́n ní ẹni tó bá wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ máa rí iná fún wákàtí ogún lójúmọ́, ó kéré tán. Ẹni tó ń lo firíìjì ńlá àti ẹ̀rọ ìfọṣọ, tó lọ gba ilé ní Band A láìmọ̀, á kàn máa rò pé ẹnì kan ń jí káàdì òun lò ni. Kẹ́ ẹ tún ronú ọ̀nà ibi iṣẹ́ náà. Maràrábá dínwó lóòótọ́, ìpínlẹ̀ Násáráwá ló wà, kì í ṣe Àbújá gan-an, àmọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya láàárọ̀, ẹni tó bá ti há síbẹ̀ rí mọ ohun tí mò ń sọ. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá tá a fi ń ti Pánṣẹ́kẹ́ lọ sí Sápọn níbí, wọn kì í jẹ́ kó gba àwọn títì ńlá inú ìlú lọ́hùn-ún, torí náà owó ọkọ̀ ojoojúmọ́ máa ga ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Ó yá, ọkọ̀ wàyí. Ìwé ẹrù yín wà lọ́wọ́, ẹ lè pe oní-kántà báyìí. Ẹ ka ẹrù fún un kọ́ọ̀ kọ́ọ̀: firíìjì kan, bẹ́ẹ̀dì méjì, páálí méjìlélógún, báàgì mẹ́sàn-án. Ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i, tàbí kó wá wò ó fúnra ẹ̀, èyí ló dáa jù. Ẹni mẹ́ta ni kẹ́ ẹ bi, kì í ṣe ẹyọ kan. Kí n wá tú àṣírí kan fún yín, tí mi ò mọ̀ nígbà àkọ́kọ́: àwọn ọkọ̀ tó ń kó iṣu, tòmátò, àlùbọ́sà àti ẹ̀wà bọ̀ láti òkè Ọya, tí wọ́n bá ti já ọjà sílẹ̀, wọ́n fẹ́ padà, wọn ò sì fẹ́ padà lófo. Ẹ lọ bá àwọn tó ń já ẹrù ní ọjà Láfẹ́ńwá tàbí Kútọ̀, ẹ bá àwọn alága ibẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ ní ẹ̀ ń wá ọkọ̀ tó ń padà sókè. Owó tí wọ́n máa gbà á dín sí ti ẹni tẹ́ ẹ dìídì pè láti ilé ẹ̀, torí ẹni tẹ́ ẹ dìídì pè, owó àlọ àti àbọ̀ ló ń bù lé yín lórí. Ẹ kàn fọ ọkọ̀ yẹn kẹ́ ẹ tó di ẹrù sí i, òórùn àlùbọ́sà kì í tètè kúrò lára matiráàsì.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ bi í léèrè àwọn nǹkan yìí lójú ẹlẹ́rìí: ṣé ẹrù tèmi nìkan lo fẹ́ gbé, àbí o máa kó tẹlòmíì mọ́ ọn? Ta ló ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì àti owó àwọn ọmọ ojú ọ̀nà? Tí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lọ́nà, ta ló máa gba ọkọ̀ mìíràn? Ọjọ́ wo lo máa dé? Mo mọ ìdí tí mo fi ń sọ ọ́. Dírẹ́bà tó gbé wa nígbà àkọ́kọ́, ó kàn sọ fún mi pé "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ ṣáà máa lọ, ẹrù yín á bá yín níbẹ̀." Èmi náà fọkàn balẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta la fi sùn lórí ẹní, torí ó yà sí Ìlọrin lọ gbé pákó kún ẹrù wa, tí mo bá pè é á ní òun ti wà ní Jẹ́bà. Mi ò lè bá a jà, ṣé mo bá a sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni? Ní ẹ̀ẹ̀kejì, a kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹrù tiwa nìkan ni, a ya fọ́tò láísẹ́ǹsì dírẹ́bà àti nọ́ńbà ara ọkọ̀, a san ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá torí ó gbọ́dọ̀ ra dísẹ́ẹ̀lì, a ní yóò gba ìdá mẹ́rin yòókù tí ẹrù bá ti wà nílẹ̀ tá a ti kà á tán. Ó dé lọ́jọ́ tó dá.

Ẹ má jókòó sórí ẹrù, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan jókòó síbẹ̀. Àwọn Road Safety ò fẹ́ ẹ, ikú ló sì wà níbẹ̀. Ẹ wọkọ̀ tiyín lọ́tọ̀. Nọ́ńbà 122 ni ti Road Safety, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù kẹ́ ẹ tó gbéra.

Nípa ọ̀nà, méjì ló wà. Ọkọ̀ akérò sábà máa ń gba Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀rẹ̀, Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀, títí dé Lọ́kọ́ja níbi tí odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, kó tó kọrí sí Gwagwaládà. Èkejì ni Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Jẹ́bà, Mọ́kwà, Bídá, kó tó já sí Súlẹ́jà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹrù máa ń gbà. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá gbà, ìdájí ni kẹ́ ẹ gbéra, ẹ má rin ọ̀nà yẹn lóru, tí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, ẹ sùn sí ìlú tẹ́ ẹ bá wà. Reluwé tiwa tó wà ní Ládẹ̀rin, èyí tí wọ́n fi orúkọ Ṣóyíinká pè, Èkó àti Ìbàdàn ló mọ, kò dé Àbújá. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọ báálù lè fi í dé Agége, kó ti ibẹ̀ lọ sí pápákọ̀ òfúrufú Ìkẹjà, ó sàn ju kó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sángo lọ.

Ọjọ́ wo ló dáa? Ẹ sá fún December, ẹ sá fún ọ̀sẹ̀ Iléyá àti ti Àjíǹde, owó ọkọ̀ máa ń fò lásìkò yẹn. Tẹ́ ẹ bá ní ọmọ iléèwé, August ló bọ́gbọ́n mu, torí wọ́n ti gba ìsinmi gígùn, sáà tuntun á sì bẹ̀rẹ̀ ní September. Òjò Abẹ́òkúta náà máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní August. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má tan ara yín jẹ o, August yẹn gan-an ni òjò Àbújá máa ń le jù. Ọkọ̀ tí ò ní tapólì tó bò ó délẹ̀, ẹ má gbà á, kò báà jẹ́ pé oòrùn ń ràn lórí Olúmọ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ń lọ. Ẹni tí ò bá ní ọmọ iléèwé, January sí February ni kó lọ, ọyẹ́ nìkan lẹ máa bá jà.

Ẹrù dídì ò le. Ìwé wúwo, páálí kékeré ni kẹ́ ẹ kó o sí, torí alábàárù á ju páálí ńlá sílẹ̀ ni tó bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹ fi aṣọ yín wé àwo, ẹ má ra nǹkan mìíràn, èmi, àdìrẹ tí mo ń wọ̀ ni mo fi wé tèmi, àwo kan ṣoṣo ló fọ́. Ẹ tò ó ní ìdúró bí ìwé, ẹ má tò ó léra. Tẹlifíṣọ̀n náà, ìdúró ni, láàárín matiráàsì méjì. Ẹ kó ìṣó bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara pákó bẹ́ẹ̀dì náà. Ẹ da pẹtiróòlù àti ọ́ìlì inú jẹnẹrétọ̀ kúrò. Sílíńdà gáàsì, òfìfo ni kẹ́ ẹ gbé e. Bátìrì ìnfátà tó jẹ́ olómi, ìdúró nìkan, kẹ́ ẹ fi rọ́bà bo ẹnu wáyà ẹ̀. Firíìjì, ẹ pa á ní ọjọ́ kan ṣáájú kí yìnyín ẹ̀ yọ́ tán, ẹ gbé e ní ìdúró, tẹ́ ẹ bá sì dé, ẹ má sáré tàn án, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan kí ọ́ìlì inú ẹ̀rọ ẹ̀ padà sáyè ẹ̀.

Àdìrẹ tí mo ń tà, mi ò kó o sínú kántà rárá. Mo fi wéébìlì ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti gáréèjì, Ghana-must-go mẹ́ta, lọ́sẹ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá mi gbà á lọ́hùn-ún. Èyí tó bá sọnù, kò ní jẹ́ gbogbo ẹ̀.

Ṣé ẹ rí àwọn mọ̀lẹ́bí, ẹ ṣọ́ra fún wọn o! Tí wọ́n bá ti gbọ́ pé ẹ̀ ń gba odindi ọkọ̀ lọ sí Àbújá, gbogbo wọn á rántí pé àwọn ní ẹnì kan lọ́hùn-ún. Ìyá ọkọ mi, tí mo fẹ́ràn bí ẹ̀mí mi, gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa méjì wá ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, wọ́n ní kí n bá wọn fún àbúrò wọn ní Kàdúná, "kò gbàyè, ìyàwó mi, ẹ kàn fi sí kọ̀rọ̀." Ta ló fẹ́ sọ pé rárá? A fi sí kọ̀rọ̀. Kọ̀rọ̀ yẹn, ẹ̀gbẹ́ matiráàsì ni. Nígbà tó fi máa dé Kúbwà, epo ti fi matiráàsì ṣe ọbẹ̀, àbúrò ní Kàdúná ò sì tíì wá gbé ìyókù títí tá a fi kúrò níbẹ̀. Nígbà kejì, tí wọ́n tún fẹ́ ká bá wọn gbé nǹkan bọ̀, ọkọ mi fúnra ẹ̀ ló bá wọn sọ ọ́, ó ní "Ẹ jọ̀ọ́ mà, dírẹ́bà ti ka ẹrù, tá a bá fi ẹyọ kan kún un á gbowó lé e." Irọ́ kọ́, ìwé ẹrù wà níbẹ̀. Oúnjẹ tiyín nìkan ni kẹ́ ẹ gbé: láfún, ìrẹsì Ọ̀fadà, ẹ̀gúsí. Láfún lẹ máa wá tì lọ́hùn-ún, tẹ́ ẹ bá sì rí i, owó ẹ̀ á yà yín lẹ́nu.

Ìwé, ọwọ́ yín ni kó wà, kì í ṣe inú ọkọ̀ ẹrù: sátífíkéètì, ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, rìsọ́ọ̀tì àti lẹ́tà tránsfà láti iléèwé wọn, ìwé ilẹ̀. Rìsíìtì firíìjì àti tẹlifíṣọ̀n ni kẹ́ ẹ ṣe ẹ̀dà ẹ̀ fún dírẹ́bà, pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé ẹrù, pẹ̀lú lẹ́tà kékeré kan láti ọ̀dọ̀ lándílọ́ọ̀dù tàbí CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, pé ẹ̀yin lẹ ni ẹrù, ẹ̀ ń kó kúrò ni. Ọlọ́pàá tó bá dá ọkọ̀ dúró fẹ́ mọ̀ bóyá ẹrù olè ni, tí ìwé bá wà, ọ̀rọ̀ á kúrú. Ọ̀sán sì ni kẹ́ ẹ kó ẹrù jáde. Ti lándílọ́ọ̀dù níbí náà, ẹ ka àgírímẹ́ǹtì yín kẹ́ ẹ mọ iye oṣù tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ fún un ṣáájú, ẹ san owó iná àti owó ilẹ̀ gbígbá, ẹ ya fọ́tò gbogbo yàrá lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá gbá a tán, kó má bàa fi ògiri tó ti sán tipẹ́ dá kọ́ṣọ̀n yín dúró. Káàdì ìdìbò, ibi tẹ́ ẹ ti forúkọ sílẹ̀ nìkan lẹ ti lè dìbò, tí INEC bá ti ń ṣe ìforúkọsílẹ̀ ẹ lè ní kí wọ́n gbé e lọ sí Àbújá. Àwa ò ṣe é, ìbò kan sì kọjá lójú wa.

Báàgì kan wà tí kò gbọ́dọ̀ wọ kántà: aṣọ ọjọ́ méjì, ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì, ìkòkò kékeré kan, ṣíbí, oògùn, ṣájà, tọ́ọ̀ṣì, ẹní méjì, skrudráfà àti òòlù. Mo fi skrudráfà sínú páálí lákọ̀ọ́kọ́, a wá ń wá ohun tá a máa fi to bẹ́ẹ̀dì tá a máa sùn sí, láàárín páálí tá ò mọ èyí tó wà.

Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ ṣáájú ẹrù débẹ̀, kó tó dé kẹ́ ẹ ti gbá ilé, kẹ́ ẹ ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, kẹ́ ẹ sì ti bá àwọn alábàárù àdúgbò dúnàádúrà, torí tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí ọkọ̀, iye tí wọ́n máa pè á di ìlọ́po méjì. Kí ẹnì kan dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé ẹrù, kó máa fi bírò sàmì sí ìkọ̀ọ̀kan bó ṣe ń wọlé. Ọmọ mi àgbà ló ṣe é nígbà tá a padà sí Abẹ́òkúta, ó di àga kan mú, ó jókòó, ó ní ẹnì kankan ò gbọdọ̀ wọlé kóun tó kọ ọ́. Páálí méjìlélógún ló wà nínú ìwé, mọ́kànlélógún ló kà. Dírẹ́bà búra pé òun ò mú nǹkan kan. Mo ní kò burú, ìdá mẹ́rin tó kù ń bẹ lọ́wọ́ mi, ẹ jẹ́ ká tún wo abẹ́ tapólì. Ẹ̀yìn táyà sípíà ló wà, ìkòkò ọbẹ̀ mi ló wà nínú ẹ̀.